Obìnrin Tó Di Ilẹ̀kùn Mú

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí Káfíńtà ṣe rí ìyàwó fẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo èjìká rẹ̀ ọ̀tún. Ó fi díẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti òsì lọ, bí aṣọ tí a kò sá dáadáa sórí okùn. Ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló sì wà nínú ilé ìgbẹ́ ọ̀hún lọ́jọ́ náà, nígbà tí kò tíì di ìyàwó.

Aránṣọ ni obìnrin náà nígbà yẹn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, ó dojú kọ ilé ìgbẹ́ tí kánsù kọ́ fún gbogbo ayé. Yàrá mẹ́fà ni, mẹ́ta fún ọkùnrin, mẹ́ta fún obìnrin, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣeé tì láti inú. Kánsù ti fi ìkọ́ irin sí wọn rí. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, olè ti yọ gbogbo rẹ̀ lọ tà, ni ẹnjiníà kánsù bá ní òun kò ní fi irin bọ́ olè mọ́. Ti ọkùnrin kò le: ọkùnrin á máa súfèé nínú, ẹni tó ń bọ̀ á gbọ́, á dúró. Ṣùgbọ́n obìnrin tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ wá obìnrin mìíràn tí yóò dúró níta, tí yóò fọwọ́ fa ilẹ̀kùn náà mú títí ẹni inú yóò fi ṣe tán.

Ta ló sún mọ́ wọn tó aránṣọ? "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ilẹ̀kùn mú." Á dá máṣíìnì dúró, á lọ. Kó tó padà jókòó, ẹlòmíràn ti ń bọ̀, tó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ gbóná fún.

Òfin kan wà láàárín àwọn obìnrin gáréèjì yẹn tí ẹnikẹ́ni kò kọ síbì kankan. Bí o bá ti di ilẹ̀kùn mú fún ẹnì kan, o kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ kó tó jáde. Òjò ìbáà dé, ọmọ ìbáà máa ké. Wọ́n ní obìnrin kan dúró síbẹ̀ tó ń wo ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù rẹ̀ lọ, nítorí ẹni inú kò tíì ṣe tán. Àwọn méjèèjì kò sì mọra rí.

Nígbà tí ìbò kánsù dé, aránṣọ ní òun yóò díje. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é jókòó.

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe láàárín àwọn èèyàn yẹn?"

"Mo fẹ́ lọ bi wọ́n ìdí tí mi ò fi lè rán aṣọ kan tán láti àárọ̀."

Ó wọlé. Àwọn tó ti bá di ilẹ̀kùn mú nìkan ti tó gbé e wọlé. Ọkùnrin méjìlá ló bá nínú kánsù, wọ́n sì pín iṣẹ́ bí ará ilé ṣe ń pín ẹran: àgbà mú ibi tó wù ú. Ẹnì kan mú ọ̀nà, ẹnì kan mú ilẹ̀, ẹnì kan mú ọjà. Ó wá ku ilé ìgbẹ́. Wọ́n gbé e fún obìnrin tuntun náà, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí tábìlì fi ń mì.

"Alága ilé ìgbẹ́," ni èyí tó mú ọ̀nà nínú wọn wí, "inú ẹ kó dùn o. Iṣẹ́ tìẹ ò lè tán láéláé. Ojoojúmọ́ ni wọ́n á máa kó o wá."

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n," ni obìnrin náà dáhùn. "Tó bá yá, gbogbo yín náà lẹ máa dé ọ́fíìsì mi."

Báyìí ló ṣe di pé ó ránṣẹ́ sí àwọn káfíńtà ìlú. Ó ní òun ń wá ilẹ̀kùn tó ṣeé tì láti inú, tí olè kò sì ní rí ohun kan tà lára rẹ̀. Káfíńtà tí à ń sọ yìí jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ó gbọ́n lójú ara rẹ̀. Ó gbé ilẹ̀kùn kìn-ín-ní wá, ó gbé e kọ́. Obìnrin náà wọlé, ó tì í.

"Ẹ tì í," ni ó wí láti inú.

Káfíńtà fi ọwọ́ kan tì í. Ilẹ̀kùn ṣí. Obìnrin náà dúró láàárín yàrá kékeré náà, ó ń wò ó bí tíṣà ṣe ń wo ọmọ tó gba òdo.

"Ẹ gbé e padà."

Ó gbé ìkejì wá, ó dá. Ó gbé ìkẹta wá, ó ṣí. Àwọn awakọ̀ ti ń fi ìjókòó wọn síbẹ̀ láti máa wòran. Káfíńtà kò lè jẹun dáadáa fún ọjọ́ méjì. Níkẹyìn, ó gbẹ́ ìdábùú kan láti ara igi líle, ó gbẹ́ ojú ihò méjì láti ara igi ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ó sì jẹ́ kí orí ìdábùú náà nípọn ju ara rẹ̀ lọ, kó máa lọ kó máa bọ̀ ṣùgbọ́n kó má ṣeé yọ láìtú ilẹ̀kùn palẹ̀. Igi lásán ni. Olè wo ni yóò tú odidi ilẹ̀kùn nítorí igi tí kò tó dáná?

Obìnrin náà wọlé, ó fa ìdábùú.

"Ẹ tì í."

Ó fọwọ́ tì í. Kò mira.

"Ẹ tì í bí ọkùnrin."

Èyí dun Káfíńtà. Ó sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó sáré, ó fi èjìká ọ̀tún lé e. Nǹkan kan dún kẹ́kẹ́. Kì í ṣe ilẹ̀kùn.

"Mo gbà á," ni ohùn kan wí láti inú.

Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, tó bá a di apá rẹ̀ mú lójú ọ̀nà bí ẹni tó gbé ẹyin. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, Káfíńtà bi í ní ìbéèrè mìíràn, tó ń wolẹ̀. Èsì kan náà ló fún un.

Láti ọjọ́ ilẹ̀kùn yẹn ni wọ́n ti ń pe obìnrin náà ní Onílẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà náà ló ti ní ìṣe kan tí kò jẹ́ yẹ̀: ohun tí kò bá wọ inú rẹ̀ tó tì í, kò ní fọwọ́ sí i. Ilé ìwé ni o, ilé ìwòsàn ni o, yóò wọlé, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò ní kí wọ́n tì í láti ìta. Nígbà tó di igbákejì alága, ó ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá ìgbẹ̀bí, ó sì rí i pé bí ilẹ̀kùn bá ṣí, gbogbo àwọn tó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń rí aláboyún lórí ibùsùn. Ó ní kí wọ́n yí ilẹ̀kùn náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Oníṣègùn àgbà ní ọdún mọ́kànlá lòun ti fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òun kò kíyè sí i rí. "Ẹ ò lè kíyè sí i, sà," ni Onílẹ̀kùn wí. "Ẹ kì í sùn síbẹ̀."

Ó di alága kánsù. Òrùlé gbọ̀ngàn kánsù ń jò, ti ilé ìwé àwọn ọmọdé náà ń jò. Ó ní kí wọ́n tún ti àwọn ọmọ ṣe ná. Ọdún méjì gbáko ni àwọn kánsẹ́lọ̀ fi ń ṣèpàdé lábẹ́ agbòjò. Wọ́n bú u nílé, wọ́n bú u lóko, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún méjì náà pé, àwọn tó bú u ló ń sọ fún àlejò pé, "Àwa la jókòó sínú òjò nítorí àwọn ọmọ yẹn o." Ó díje fún Ilé Ìgbìmọ̀ Ẹkùn, èyí tó ń ṣòfin fún gbogbo agbègbè náà, ó fìdí rẹmi. Ó díje lẹ́ẹ̀kejì, ó wọlé.

Ní gbogbo àkókò yìí, Káfíńtà ń kan ilẹ̀kùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣẹ̀fẹ̀. "Ìwọ lo kan ilẹ̀kùn, òun ló wọlé."

"Kí n wá kan ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni má wọlé?" ni yóò wí. "Ṣé orí mi dàrú ni?"

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti lọ tán, á mú pẹ́ńsù rẹ̀ kúrò lẹ́yìn etí, á rẹ́rìn-ín sínú. Inú rẹ̀ a máa dùn bí ẹni tó gbin igi kan, tí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n wá ń jókòó lábẹ́ òjìji rẹ̀.

Ọdún keje tí Onílẹ̀kùn ti wà nínú Ilé Ìgbìmọ̀ ni àìsàn mú kí Olórí Ẹkùn fi ipò sílẹ̀. Láàárín ara wọn ni àwọn ọmọ Ilé yóò ti dìbò yan ẹlòmíràn. Mọ́kànlélógójì ni gbogbo wọn. Àwọn méjì ló jáde: Onílẹ̀kùn, àti agbẹjọ́rò kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Lọ́yà, ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ tó fi jẹ́ pé tó bá kí ọ kú àárọ̀, o ó rò pé o ti jàre ẹjọ́. Wọ́n kà á síwá, wọ́n kà á sẹ́yìn. Ogún wà lẹ́yìn Lọ́yà. Mọ́kànlélógún wà lẹ́yìn Onílẹ̀kùn, bí a bá ka òun fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Ìbò kan ṣoṣo ló fi jù ú.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣèlú Onílẹ̀kùn wá bá wọn nílé nígbà tó ku ọjọ́ méjì. Ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń fi aṣọ nu àga kó tó jókòó.

"Mama, ọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ́ yẹn, ẹ má jẹ́ ká mẹ́nu bà á lọ́jọ́ náà. Ká bẹ̀rẹ̀ ìtàn yín láti orí ọ̀nà tí ẹ ṣe nígbà tí ẹ jẹ́ alága. Ọ̀nà dùn ún gbọ́."

"Òórùn ló ń bà yín lẹ́rù," ni Onílẹ̀kùn wí.

"Àti ẹ̀yin, Bàbá." Ó yíjú sí Káfíńtà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé àpò irinṣẹ́ yẹn dání. Ọkọ Olórí Ẹkùn kì í gbé ayùn kọ́pá."

Ogójì ọdún ni àpò náà ti ń gbé lórí èjìká òsì Káfíńtà. Nígbà tó jáde láìgbé e lọ́jọ́ ìbò, ṣe ló ń rìn bí ọkọ̀ tí ẹrù rẹ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun kan ṣoṣo tó mú dání ni awò ojú ìyàwó rẹ̀, nítorí Onílẹ̀kùn lè gbàgbé orí ara rẹ̀ síbi tó ti ń ronú.

Ilé Ìgbìmọ̀ náà ga, ó tutù nínú. Òkè ni gbọ̀ngàn wà, àti ọ́fíìsì àwọn ọmọ Ilé. Ìsàlẹ̀ ni àwọn ará ìlú tó mú ẹ̀bẹ̀ wá ń dúró sí, lórí àga gígùn, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tí wọ́n ti fọ ilẹ̀ rẹ̀ títí ó fi ń dán. Òfin Ilé kò fì síbì kan. Bí àkókò ìbò bá tó, agogo yóò dún nígbà ọgbọ̀n. Bí ó bá dún ọgbọ̀n, aṣọ́nà yóò ti ilẹ̀kùn ńlá gbọ̀ngàn. Ẹni tó bá wà níta, ìta náà ni yóò wà títí wọn yóò fi dìbò tán, ìbáà ṣe ẹni tí à ń dìbò fún.

Wọ́n ti fi àga iwájú sílẹ̀ fún Káfíńtà lókè, níbi tí àwọn òǹwòran ń jókòó sí, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò gbélẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń rìn kiri láti wo ilẹ̀kùn. Ó fọwọ́ pa wọ́n lára, ó ń wo bí wọ́n ṣe so igi pọ̀, ó ń mi orí. Ibi tó parí ìrìn rẹ̀ sí ni òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, níwájú ilé ìgbẹ́ àwọn obìnrin. Ìyá arúgbó kan dúró níbẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di ọ̀pá mú, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì.

"Mama, kí lẹ ń wá?"

"Obìnrin."

"Nínú ilé ìjọba?"

Ìyá náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Bàbá, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Bí mo bá rẹ́rìn-ín báyìí, ilẹ̀ tí wọ́n fọ̀ yìí, wọ́n á tún un fọ̀."

Ìgbà náà ló tó yé e. Ìyá náà ti ọ̀nà jíjìn wá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin láti mú lẹ́tà wá nípa kànga abúlé wọn tó gbẹ. Ọmọ wà lórí ìlà ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà, ní ìkángun kejì ilé. Bó bá kúrò, àyè rẹ̀ ti lọ. Obìnrin tó ń fọ ilẹ̀ ti gòkè lọ wòran ìbò. Àwọn obìnrin yòókù náà ti lọ.

Káfíńtà bẹ̀rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà. Ibi tí irin ìtìlẹ̀kùn wà rí, ihò ìṣó méjì ló kù. Ọ̀dà ti bo etí ihò náà: funfun lórí àwọ̀ ewé, àwọ̀ ewé lórí pupa. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ bí a ṣe ń ka ọ̀dà. Ohun tó rí níbẹ̀ ju ọdún méje lọ. Láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti ń gun àtẹ̀gùn ilé yìí, lókè níbi tí ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ́ àwọn ọmọ Ilé ti ní kọ́kọ́rọ́ tó ń dán, àwọn obìnrin ń di ilẹ̀kùn mú fún ara wọn nísàlẹ̀, lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Onílẹ̀kùn fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ilẹ̀kùn tirẹ̀ ń tì.

Ojú ti Káfíńtà bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè. Ó na ọwọ́ sí èjìká òsì láti mú òòlù. Àpò kò sí níbẹ̀.

Ìgbà náà ló gbọ́ bàtà tó mọ̀, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

"Bàbá wọn, awò ojú mi dà? Wọ́n fẹ́ lu agogo."

Kí ọkàn rẹ̀ tó ronú, ara rẹ̀ ti ṣe ohun tó ṣe. Ó fa ilẹ̀kùn náà dé, ó sì fi ẹ̀yìn tì í, ó tẹ́ ara rẹ̀ lé e bí aṣọ tí a sá. Ó mọ ẹni tó fẹ́. Bó bá rí i, kò ní lè gòkè.

"Kí lẹ fi ẹ̀yìn bò?"

"Èmi? Ó rẹ̀ mí díẹ̀ ni, mo fara ti nǹkan."

"Ẹ̀yin tí ẹ kì í fara ti ilẹ̀kùn tí ẹ ò mọ ẹni tó kàn án." Ó wo ìyá arúgbó. Ó wo ọ̀pá rẹ̀, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe lọ́ mọ́ra. Ó ti rí ìdúró yẹn ní ẹgbẹ̀rún ìgbà láti ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Bàbá wọn, ẹ kúrò níbẹ̀."

Ó kúrò. Onílẹ̀kùn ṣí ilẹ̀kùn. Kò dúró gba awò ojú, ìka ló fi wá ihò méjèèjì náà, ó sì fi ìka náà sínú ọ̀kan.

"Ọdún méje," ni ó wí, jẹ́jẹ́.

"Ìyá wọn, máa gòkè lọ. Lọ́la, kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti wà níbí pẹ̀lú àpò mi."

"Mama ò lè dúró dọ̀la." Ó yíjú sí arúgbó. "Ẹ wọlé, Mama. Mo dì í mú."

"Orúnkún mi ni o, ọmọ mi. Ìjókòó rọrùn fún mi, ìdìde ló ń pẹ́. Ṣé o ò ní lọ?"

"Mi ò ní lọ."

Ìyá náà wọlé. Onílẹ̀kùn fi ọwọ́ méjèèjì fa ilẹ̀kùn mọ́ra. Agogo bẹ̀rẹ̀ sí í dún lókè.

Káfíńtà ń kà á. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Ó ń kà á bó ṣe máa ń ka ìṣó, pẹ̀lú ètè láìsí ohùn. Nígbà tó dé mẹ́wàá, aṣọ́nà yọrí láti òkè àtẹ̀gùn. "Onílẹ̀kùn, ẹ máa bọ̀ o. Ẹ̀yin nìkan ló kù."

"Mo gbọ́."

"Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?" ni ohùn kan wí láti inú.

"Mo wà níbí, Mama. Ẹ fara balẹ̀."

Mẹ́tàlá. "Ìyá wọn, jẹ́ kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ. N ó pajú dé."

"Ọkùnrin lẹ̀yin. Mi ò lè dá a gbà." Ó fi ẹnu kan ilẹ̀kùn. "Mama, ṣé kí ọkọ mi bá yín dì í mú?"

"Ọkọ ta ni?"

"Ọkọ mi."

"Ó tì o."

Méjìdínlógún. Òógùn bo Káfíńtà lójú. "Sọ fún un, nígbà náà. Sọ ẹni tí o jẹ́. Sọ pé nítorí rẹ ni agogo ṣe ń dún."

Onílẹ̀kùn wò ó. Kò bínú. Irú ojú tó fi wò ó láti inú yàrá kékeré yẹn lọ́jọ́ tí ilẹ̀kùn kìn-ín-ní ṣí ni.

"Bí mo bá sọ ọ́, á sáré dìde láìtíì ṣe tán. Kí ni mo wá dì í mú fún nígbà náà?"

Mẹ́rìnlélógún. Ọ̀rọ̀ náà wọ Káfíńtà lára, ó sì rí i pé òun kò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ṣe ló ń wò ó: obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún nínú aṣọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán, tó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, tó di ìmúlẹ̀kùn mú. Ipò Olórí Ẹkùn wà lórí àtẹ̀gùn méjìlélógún sókè. Kò wo ibẹ̀ rárá. Káfíńtà na ara rẹ̀, ó dúró tì í, ó sì kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn bó ṣe yẹ ọkùnrin.

Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ọgbọ̀n.

Wọ́n gbọ́ bí ilẹ̀kùn ńlá ṣe tì lókè. Ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, ó wúwo, kò sí ìró kankan lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹni tó kan ìyẹn mọṣẹ́," ni Káfíńtà wí.

Nígbà tó ṣe, ìyá arúgbó náà jáde, ó ń tún aṣọ rẹ̀ ṣe. Ó gbé ọwọ́ lé orí Onílẹ̀kùn. "O ṣé, ọmọ mi. Gbogbo ilẹ̀kùn tí wọ́n bá tì mọ́ ọ, Ọlọ́run á ṣí i."

"Àmín, Mama," ni Onílẹ̀kùn wí. Ó wo ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ wò ó, wọ́n sì yára wo ibòmíràn, kí àgbàlagbà má baà rí wọn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí àdúrà.

Ogún sí ogún ni ìbò náà já sí. Bí ó bá já síbẹ̀, ẹni tó dàgbà jù nínú Ilé ló ní ìbò kan sí i. Ìyẹn gan-an ni kánsẹ́lọ̀ tó mú ọ̀nà lọ́jọ́ kìíní, tí òun náà ti di ọmọ Ilé, ẹni tó ní iṣẹ́ Onílẹ̀kùn kò lè tán láéláé. Baba náà bèèrè ibi tí obìnrin náà wà. Aṣọ́nà, ẹni tó ti rí gbogbo rẹ̀ kó tó ti ilẹ̀kùn, ní, "Ó wà nísàlẹ̀, sà. Ó ń di ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ́ mú fún arúgbó kan." Ẹ̀rín sọ ní gbọ̀ngàn. Baba náà dúró títí ó fi tán.

"Mo ti ṣèlérí ìbò mi fún Lọ́yà," ni ó wí, "mo sì fún un. Ẹ̀rín yín nìkan ni mi ò bá yín rín. Èmi ti rín tèmi lọ́jọ́ tó ti pẹ́."

Báyìí ni Lọ́yà ṣe di Olórí Ẹkùn. Akọ̀wé ẹgbẹ́ jókòó sórí àtẹ̀gùn láìnu ún, ó fọwọ́ lérí.

"Mama, nítorí ìtọ̀! Nítorí ìtọ̀ arúgbó!"

"Má sọ bẹ́ẹ̀," ni Onílẹ̀kùn wí. "O ò mọ̀ bóyá ìtọ̀ nìkan ni."

Baba àgbà yẹn náà sọ̀ kalẹ̀, ó ń mú àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé iwájú Onílẹ̀kùn, ó dúró. "O sọ fún wa nígbà náà pé gbogbo wa la máa dé ọ́fíìsì rẹ."

"Mo rántí, ẹ̀gbọ́n."

"Orúnkún tèmi náà ti ń dùn mí," ni ó wí, ó sì kọjá lọ.

Káfíńtà kò sí níbẹ̀ láti gbọ́ èyí tó kù. Ó ti rí àga kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, àga ọmọ Ilé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀, igi líle tó dára. Ó ti bọ́ aṣọ ńlá rẹ̀, ó fi kọ́ ọrùn akọ̀wé ẹgbẹ́ bí ẹni fi aṣọ kọ́ ìṣó. Ó ti yá ayùn, òòlù àti irin ìgbẹ́gi lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú ilé, ó ń gbẹ́ ìdábùú fún ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ́ náà. Ayùn náà kò mú, ó sì bú u bó ṣe ń lò ó. Àwọn tó mú ẹ̀bẹ̀ wá dìde lórí àga gígùn, wọ́n yí i ká. Ìyá arúgbó dúró síwájú gbogbo wọn pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tó ti fi lẹ́tà sílẹ̀, ó ń fi ọ̀pá júwe.

"Orí rẹ̀ kò nípọn tó."

"Mama, mo ti ń ṣe é kó tó di òní."

"Mo ní kò nípọn tó."

Káfíńtà wò ó. Kò nípọn tó lóòótọ́. Ó gbẹ́ òmíràn.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tí àsìkò Lọ́yà pé, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi yan Onílẹ̀kùn sípò, kò sì sí ẹni tó bá a dù ú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣe Olórí Ẹkùn. Àwọn tó ti ọ̀hún dé láìpẹ́ ní wọ́n ti tún ilé náà kọ́, wọ́n ti fi dígí sí i káàkiri. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní ìdábùú igi kan ṣì ń bẹ níbẹ̀, ọwọ́ àwọn obìnrin sì ti pa á lára títí ó fi ń dán bí wúrà. Bí wọ́n bá bi Káfíńtà nípa ọjọ́ tí inú rẹ̀ dùn jù sí ìyàwó rẹ̀, kì í sọ ọjọ́ ìbúra. Ọjọ́ ìdábùú yìí ló máa ń sọ.

Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀ nígbà tó gbá ìṣó ìkẹyìn lọ́jọ́ náà. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Onílẹ̀kùn gba awò ojú rẹ̀ níkẹyìn, ó fi sójú, ó wo iṣẹ́ náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Ó wọlé. Wọ́n gbọ́ bí ìdábùú ṣe rọra wọ ihò rẹ̀.

"Bàbá wọn, ẹ tì í."

Ó fọwọ́ tì í. Kò mira.

"Ẹ tì í bí ọkùnrin."

"Ìyá wọn, mo ti dàgbà."

"Mo ń dúró."

Àwọn èèyàn sún sẹ́yìn. Káfíńtà ka ẹsẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn, ó wo èjìká ọ̀tún, ó rò ó, ó sì yí òsì síwájú, èyí tí kò gbé ohunkóhun láti àárọ̀. Ó sáré.

Ilẹ̀kùn náà dúró.

"Mo gbà á," ni ohùn ìyàwó rẹ̀ wí láti inú.